Owó Bẹ́ǹṣì Ogójì

Bí o bá wọ mọ́tò láti Nyanya lọ sí àárín ìlú Abuja láàárọ̀, kí o tó dé Kugbo ni ariwo ẹ̀rọ ayùn yóò ti kọ́kọ́ dé etí rẹ. Lẹ́yìn náà ni wàá rí bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti àga ìjókòó tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí eruku pákó ti bò wọ́n.

Ibẹ̀ ni Akínọlá ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ọmọ Ìléṣà ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ẹ̀rọ ayùn tirẹ̀ àti mọ́tò kan, ó sì lórúkọ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, torí pé ọjọ́ tó bá dá fún ènìyàn kì í yẹ̀. Jemimah ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Olúwadémiládé, tí wọ́n ń pè ní Démi. Wọn kì í ṣe olówó, àmọ́ oúnjẹ kì í wọ́n wọn, wọn kì í sì í sá fún ẹnikẹ́ni.

Súnkànmí ló mú ọ̀rọ̀ kírípítò wá, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi bítíkọ́ìn. Àga onífóòmù ni Súnkànmí ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti Akínọlá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ, tí iṣẹ́ dúró, ó fi fóònù rẹ̀ hàn án. Ó ní bítíkọ́ìn ni òun ń rà tí òun ń tà, pé owó tí òun fi san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún yìí, orí fóònù yẹn ló ti jáde.

Akínọlá béèrè bóyá kì í ṣe àwọn oníjìbìtì nìyẹn. Súnkànmí ní rárá o, pé kò sí ẹni tí a ń gbé owó fún. Fúnra ẹni lèèyàn ń rà, fúnra ẹni ló ń tà.

Òótọ́ ni Súnkànmí sọ dé ibẹ̀ yẹn. Kì í ṣe gbogbo kírípítò ni jìbìtì, kò sì sí olè tó ja Akínọlá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ohun tó ṣe, lórí áàpù tó ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìdí gan-an nìyẹn tí a fi ń sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ló kọ́kọ́ fi sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti di ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gọ́ta. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ̀rín ni Súnkànmí fi í rín. Ó ní báwo ni àgbàlagbà yóò ṣe jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ó wá fi ibì kan hàn án lórí áàpù náà, níbi tí wọ́n kọ lẹ́fẹ́réèjì sí.

"Tó o bá mú ọgọ́rùn-ún náírà wá, áàpù á jẹ́ kó o fi ẹgbẹ̀rún ra ọjà," Súnkànmí ní. "Tiwọn ni wọ́n fi ń kún tìẹ. Èrè orí ẹgbẹ̀rún yẹn, ìwọ lo ni gbogbo ẹ̀."

Kò sọ ẹni tó ni àdánù orí ẹgbẹ̀rún yẹn. Akínọlá náà kò béèrè.

Ó tẹ ìlọ́po mẹ́wàá. Kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé, owó rẹ̀ ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Ọjà kírípítò kì í tì. Kò mọ Sátidé, kò mọ Sọ́ńdè, kò mọ ìgbà tí ènìyàn ń jẹun. Bí Akínọlá bá ń fági, fóònù wà lórí tábìlì iṣẹ́ níwájú rẹ̀. Yóò wọn pákó, yóò wo fóònù, yóò gbàgbé iye tó wọ̀n, yóò tún un wọ̀n. Ó gé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì oníbàárà kan kúrú ní íńṣì mẹ́ta, ó sì ní láti ra pákó mìíràn. Bí fóònù kò bá dún, á gbé e wò bóyá ó ti kú ni.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jáde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìwàásù tó parí. Jemimah rò pé inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ra oògùn inú fún un lọ́nà ilé, ó sì dúró tì í títí ó fi lò ó.

Ní Sátidé kan, àwọn méjèèjì lọ ra ẹja ní ọjà Kado. Jemimah ń yan ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó yíjú padà tí kò rí ọkọ rẹ̀ mọ́. Ó wá a títí dé ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹja. Akínọlá dúró sáàárín omi ẹlẹ́jẹ̀ tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, bàtà rẹ̀ ti rin gbingbin, ojú rẹ̀ sì wà lórí fóònù. Kò mọ̀ pé omi wà lábẹ́ òun. Nígbà tí Jemimah béèrè ohun tó ń ṣe é, ó ní oníbàárà kan ló ń yọ òun lẹ́nu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjà wó. Nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ tó ní, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta péré ló kù. Akínọlá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun gbọ́dọ̀ gbà á padà, àti pé owó òun ló kéré jù.

Àárín ìgbà yẹn ni Àlàájì Màmúdù san owó bẹ́ǹṣì.

Àlàájì yìí jẹ́ ọmọ Ìlọrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Mpape, lórí òkè, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ó fẹ́ kí Akínọlá bá òun ṣe bẹ́ǹṣì ogójì, tí tábìlì ìkọ̀wé yóò wà lára wọn, kí àwọn ọmọ tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i. Ó san mílíọ̀nù méjì náírà sílẹ̀ fún pákó àti ìṣó. Ìyókù di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí.

Akínọlá bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn onípákó kò tíì béèrè owó lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni òun nílò. Ó mú mílíọ̀nù kan àbọ̀ nínú owó náà, ó tẹ ìlọ́po ogún, ó sì ra bítíkọ́ìn. Ìyẹn ni pé ọjà ọgbọ̀n mílíọ̀nù náírà ló wà lọ́rùn ọkùnrin tí kò ní ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ, èyí tí kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Ó fi pẹ́ńsù ṣírò rẹ̀ sára pákó kan. Bí bítíkọ́ìn bá gòkè ní márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù kan àbọ̀ yóò di mẹ́ta. Ó ṣírò ti gígòkè nìkan. Kò ṣírò ti wíwálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣìmí wá wo ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé tó ní kí Akínọlá ṣe fún òun. Ọ̀dọ́bìnrin ni Ṣìmí, wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Abuja ni wọ́n bí i sí, tí Yorùbá rẹ̀ fi máa ń há díẹ̀ kó tó jáde. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe tẹ̀ síwájú láti wo igi, ó rí ohun tó wà lójú fóònù Akínọlá.

Ó béèrè ìlọ́po mélòó ló fi sí i. Akínọlá ní ogún.

Ṣìmí gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ má bínú o. Ṣé owó yín ni?"

Akínọlá ní owó òun ni.

Ṣìmí sọ fún un pé òun náà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí owó tí òun fi oṣù mẹ́jọ kó jọ lọ láàárín ogójì ìṣẹ́jú, níbi tí òun ti wà nínú ìpàdé. Ó ní pẹ̀lú ìlọ́po ogún, bí ọjà bá ti wálẹ̀ ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo owó rẹ̀ ni yóò lọ, àti pé márùn-ún kì í ṣe nǹkan kan lára bítíkọ́ìn, ó lè já bẹ́ẹ̀ láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán.

Akínọlá yí fóònù sí i. Lákòókò yẹn, ọjà ti gòkè díẹ̀. Èrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà ti wà nílẹ̀. Ohun tó ń rí lérè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láàárín oṣù kan kò tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ mú un báyìí," Ṣìmí ní. "Ẹ mú un, kẹ́ ẹ jáde."

Ó dáhùn pé òun yóò mú un tó bá di ọ̀la. Ó fẹ́ kó pé mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ọ̀la tó ń wí jẹ́ Tọ́sìdeè. Ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láti àárọ̀. Akínọlá ń gé pákó wọ́dúróòbù kan lẹ́nu ẹ̀rọ ayùn ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, fóònù rẹ̀ wà lórí àga kan lápá òsì. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, kò wò ó. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó yí orí.

Kò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Pákó ló rí tó pọ́n.

Súnkànmí ló sáré wọlé, ó pa ẹ̀rọ, ó ya aṣọ tó fi ń bo àga, ó sì fi di ọwọ́ rẹ̀ gírígírí. Mọ́tò Súnkànmí ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà, Akínọlá kò béèrè ọwọ́ rẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnì kankan bá òun mú fóònù òun.

Jemimah dé láti ibi iṣẹ́, káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé orí ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò òsì ti lọ, pé dókítà ń bọ̀ wá rán ìyókù. Ó wọlé tọ ọkọ rẹ̀ lọ, ó fẹ́ dì í mú. Fóònù ni Akínọlá nà sí i.

"Ìyá Démi, gba eléyìí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún wà ní báǹkì mi. Bá mi fi sínú áàpù yìí kíákíá."

"Owó kí ni?"

"Owó Àlàájì. Èyí tó kù. Tá a bá fi kún un, ọjà á dúró, wọn ò ní lè gbé e."

Jemimah kò gbọ́ ohun tó ń sọ yé, àmọ́ ó mọ Àlàájì. Bàbá náà ti jókòó ní pálọ̀ wọn rí, ó sì ti gbé Démi lé ẹsẹ̀. Kó tó béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn, dókítà ti wọlé, wọ́n sì ní kó bọ́ síta.

Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹ̀lú lẹ́tà pupa ni áàpù náà ń kọ ọ́ pé kí ó fi owó kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò tà á. Ó wo orúkọ àwọn tó mọ̀ lórí fóònù tirẹ̀, kò sì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí lè yé àfi Ṣìmí. Ó pè é.

Ṣìmí ní kó ka gbogbo iye tó wà lójú áàpù náà fún òun. Ó kà á. Láti ẹnu rẹ̀ ni Ṣìmí ti wá mọ̀ pé owó oníbàárà ni.

"Àntí, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bọ̀ọ̀dá Akin mú mílíọ̀nù kan àbọ̀ wá. Áàpù fi owó tiwọn lé e títí ó fi di ọgbọ̀n mílíọ̀nù. Àmọ́ áàpù ò fẹ́ pàdánù náírà kan nínú tiwọn. Gbogbo ohun tí ọgbọ̀n mílíọ̀nù yẹn bá pàdánù, inú mílíọ̀nù kan àbọ̀ yẹn ló ti ń jáde. Tó bá kù díẹ̀ kó tán, wọ́n á tà á fúnra wọn, wọ́n á mú tiwọn, ó parí."

"Tí mo bá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yìí kún un ńkọ́?"

"Á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó gbé e ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọjà á yí padà kó tó dìgbà yẹn."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ jáde. Ẹ mú èyí tó kù."

Èyí tó kù jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà. Mílíọ̀nù kan ó lé ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ti lọ. Jemimah wo bọ́tìnì náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ òun ni àdánù náà ti máa di òótọ́, àti pé bí ọjà bá gòkè lọ́la, ọkọ òun kò ní gbàgbé ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní kó jọ̀wọ́ gbé ẹsẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀. Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó sọ fún Akínọlá lẹ́yìn tí wọ́n rán ọwọ́ rẹ̀ tán, ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé, kò sì bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní àárọ̀ Sátidé, Akínọlá pe ìyàwó rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná. Ó jókòó sórí àga, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní kó wá wò ó. Bítíkọ́ìn ti gòkè kọjá ibi tí òun ti rà á. Kò pariwo. Ó ní tó bá jẹ́ pé ó gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, owó Àlàájì ìbá wà lọ́wọ́ àwọn báyìí pẹ̀lú èrè lórí. Ó ní Jemimah ló ba ilé yìí jẹ́.

Jemimah padà sí ilé ìdáná. Ó pa gáàsì, ó wọ yàrá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó pe Ṣìmí pé kó jọ̀wọ́ wá.

Ṣìmí dé lẹ́yìn aago kan. Ó kí Akínọlá kú ọgbẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó sì ṣí àwòrán ọjà náà lórí fóònù tirẹ̀, ìlà tó ń lọ sókè tó ń wálẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Akin, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ní á gòkè, ó sì gòkè. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ibi tó gbà kó tó gòkè."

Ó fi ìka sí ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè. Wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí Jemimah tẹ bọ́tìnì yẹn, bítíkọ́ìn ti fi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ sí iye tí Akínọlá fi rà á. Ibẹ̀ ló wà fún wákàtí kan péré kó tó máa padà bọ̀. Ṣìmí ṣírò rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ yóò ti tán ní márùn-ún. Bí wọ́n bá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún kún un, yóò tán kó tó dé méje. Ọjà sì dé mẹ́jọ.

"Nígbà tó máa fi gòkè, ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́," ó ní. "Wọ́n ti gbé gbogbo ẹ̀. Irinwó tí Àntí mú jáde àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó wà ní báǹkì, méjèèjì ìbá ti lọ."

Jemimah, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, béèrè pé ẹni tó fi owó ara rẹ̀ nìkan rà á lọ́jọ́ yẹn ńkọ́, tí kò yá lọ́wọ́ áàpù.

"Onítọ̀hún rí i tó lọ sílẹ̀, ó sì rí i tó padà. Ara ẹ̀ lè má balẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n rà o, lọ́jọ́ kan náà."

Akínọlá gba fóònù náà, ó sì tẹjú mọ́ ibi tí ìlà yẹn ti rì sílẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti ṣi pákó wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lójú Ṣìmí: owó tirẹ̀ tó kọ́kọ́ lọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, irọ́ tó pa ní ọjà ẹja. Ó bẹ Jemimah. Jemimah ní kó kọ́kọ́ lọ bẹ Àlàájì.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n gun òkè Mpape lọ. Akínọlá ti pinnu pé òun kò ní fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ òun ṣíwájú, àmọ́ báńdéèjì náà funfun, Àlàájì sì ti rí i kí wọ́n tó jókòó. Ó sọ ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlàájì kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tó parí, bàbá náà dìde, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun. Ìsinmi ni, àmọ́ àwọn ọmọ mélòó kan ń gba ẹ̀kọ́ ìsinmi nínú kíláàsì kan. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n kó wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni wọ́n fi ṣe ìjókòó. Orí orúnkún ni wọ́n gbé ìwé lé, wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n ń kọ̀wé.

"Àwọn ìyá wọn ló dá owó yẹn jọ," Àlàájì ní. "Òkúta ni púpọ̀ nínú wọn ń fọ́."

Akínọlá kò lè gbé ojú sókè.

Àlàájì tún béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. "Ká ní ó gòkè, tó di mílíọ̀nù mẹ́ta bí o ṣe fẹ́. Ṣé wàá wá sọ fún mi?"

Akínọlá mi orí. "Rárá, sà."

"Yauwa, o sọ òótọ́," Àlàájì ní. "Ìyẹn ló dùn mí jù. O ti mú owó mi lọ kí ọjà tó wálẹ̀."

Wọ́n kọ ìwé àdéhùn lọ́jọ́ náà, Jemimah sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Owó tó kù yóò ra pákó bẹ́ǹṣì méjìdínlógún. Akínọlá yóò ta mọ́tò rẹ̀ fún ìyókù. Ó tà á lọ́sẹ̀ náà, ó sì ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbi iṣẹ́.

Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì jinná, Súnkànmí ló ń wá bá a ti pákó sẹ́nu ayùn láràárọ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni Akínọlá ti gbọ́ òdodo: owó ṣọ́ọ̀bù tí Súnkànmí ní ó jáde lórí fóònù, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló yá a. Ọjọ́ tó bá jèrè nìkan ló máa ń sọ.

Bẹ́ǹṣì méjìdínlógún ló dé Mpape lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ wọlé. Àwọn tó kéré jù ni wọ́n fún. Àwọn yòókù jókòó sórí òkúta fún ọ̀sẹ̀ méje sí i kí ogójì tó pé. Àlàájì san owó iṣẹ́ tó kù láìyọ náírà kan. Nígbà tó fẹ́ ṣe bẹ́ǹṣì kíláàsì kejì, káfíńtà mìíràn ní Kugbo ló gbé e fún. Akínọlá máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onítọ̀hún lójoojúmọ́, ó sì máa ń rí àwọn bẹ́ǹṣì náà níta.

Akínọlá fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ìtàn yìí, torí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló wà níbi tí òun wà lọ́dún yẹn.

Ẹ̀yin ará, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé lẹ́fẹ́réèjì ń sọ owó kékeré di ńlá, ẹ bi í léèrè ohun tó ń sọ àdánù kékeré dà. Iye ìlọ́po tí ẹ bá tẹ̀ ni èrè yóò fi pọ̀ sí i, òun náà ni àdánù yóò fi pọ̀ sí i. Ní ìlọ́po mẹ́wàá, bí ọjà bá já ní mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, owó yín ti tán. Ní ogún, márùn-ún ni. Ní àádọ́ta, méjì péré ni, bítíkọ́ìn sì lè já ní méjì kí omi tí ẹ gbé kaná tó hó. Ẹ lè mọ ibi tí ọjà ń lọ, kí owó yín sì tán kó tó débẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra kírípítò, owó tí ẹ lè pàdánù láìsí pé ẹnikẹ́ni nílé sun ebi ni kí ẹ fi rà á, kí ẹ má sì yá lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń bójú tó irú òwò bẹ́ẹ̀ bóyá wọ́n mọ iléeṣẹ́ tó ni áàpù náà. Owó oníbàárà, owó ẹgbẹ́, owó ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ: ìwọ̀nyí kì í ṣe owó òwò, ì báà ṣe fún wákàtí kan. Bí áàpù bá sì ní kí ẹ fi owó kún èyí tó ń lọ, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ jáde.

Ẹ kíyè sí ara yín pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá lè jẹun, tàbí gbàdúrà, tàbí ṣiṣẹ́ ọwọ́ yín láì wo fóònù, ohun tí ẹ ń ṣe ti kúrò ní òwò.

Bí irú òwò bẹ́ẹ̀ bá sì ń lọ lọ́wọ́ lórí fóònù rẹ báyìí, tí ẹnikẹ́ni nílé rẹ kò mọ̀, pe ọkọ rẹ, tàbí ìyàwó rẹ, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sì fi hàn wọ́n lónìí, nígbà tí nǹkan ṣì kù níbẹ̀ láti mú jáde.